Sísin Ẹja Kribensis Nínú Àpótí Dígí Títí Tí Yóò Fi Bímọ

Ẹja kékeré kan wà nínú àwọn odò tẹ́ẹ́rẹ́ ìhà gúúsù Nàìjíríà tí àwọn ará Jámánì àti ará Amẹ́ríkà ń fowó gidi rà ní ṣọ́ọ̀bù, tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí odò náà ń ṣàn létí oko wa kò sì mọ̀ yàtọ̀ sí ọmọ ẹ̀pìyà. Ẹbí kan náà ni òun àti ẹ̀pìyà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í dàgbà tó ẹja ọbẹ̀: akọ rẹ̀ kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, abo kì í sì í tó bẹ́ẹ̀. Pelvicachromis pulcher ni àwọn onímọ̀ ń pè é. G. A. Boulenger ló kọ́kọ́ kọ àpèjúwe rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1901, “arẹwà” sì ni ìtumọ̀ pulcher nínú èdè Látìn. Kribensis tí àwọn ọlọ́jà ń pè é jẹ́ orúkọ tí wọ́n yá lọ́wọ́ ìbátan rẹ̀ kan tí wọ́n fi ìlú Kribi ní Kamẹrúùnù sọ lórúkọ. Orúkọ àyálò náà ti mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu ju ti gidi lọ, òun ni n óò sì máa lò.

Ẹja yìí ni mo máa ń ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́ bí ẹja inú dígí ṣe ń bímọ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé tọkọtaya rẹ̀ ló ń tọ́ ọmọ fúnra wọn. Iṣẹ́ tiwa kò ju kí omi wọn dára, kí oúnjẹ wọn pé, kí a sì káwọ́ wa kúrò nínú ohun tó kù. Káwọ́-kúrò yìí ló nira jù, mo sì fi ẹyin odindi ìyé kan kọ́ ọ.

Àpótí àti ohun tó wà nínú rẹ̀

Àpótí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 30, tó sì ga ní 30, tó takọtabo kan. Lítà 54 ni yóò gbà bí a bá kún un dé ẹnu, lítà omi kan sì jẹ́ kílò kan, nítorí náà omi nìkan ti wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ kí a tó ka dígí àti yanrìn. Tábìlì tó ń mì kò lè gbé e. Bí ẹ bá fẹ́ kí agé-dígí bá yín kàn án, dígí tó nípọn mílímítà 6 ni kí ó lò, kí sílíkóònù tí yóò fi lẹ̀ ẹ́ má ṣe jẹ́ irú èyí tí wọ́n po oògùn mọ́ nítorí ilé ìwẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ títí òórùn kíkan rẹ̀ yóò fi lọ pátápátá. Bí ó bá bi yín léèrè bóyá kí ó gùn sí i tàbí kí ó ga sí i, ẹ ní kí ó gùn, torí ìsàlẹ̀ ni ẹja yìí ń gbé. Ẹ má gbé e sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń ràn sí, àfi bí ẹ bá fẹ́ kí omi náà di aláwọ̀ ewé láàrin ọ̀sẹ̀ méjì.

Omi tí ooru rẹ̀ wà láàrin 24 sí 28 lórí ìwọ̀n Celsius ni ó bá a lára mu. Ní Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ooru inú yàrá ń tó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù ọdún, àfi òru ìgbà ọyẹ́, tí ó yẹ kí a fi aṣọ nípọn wé ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ àpótí náà. Ẹni tó ń gbé ní London kò lè ṣe é láìra ẹ̀rọ amómigbóná.

Yanrìn odò tó kúnná, tí a fọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́ gaara, ni kí ẹ tẹ́ sí ìsàlẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4. Òkúta wẹ́wẹ́ ẹlẹ́nu mímú kò dára, nítorí ẹnu ni ẹja yìí fi ń gbẹ́ ilẹ̀, á máa bu yanrìn lẹ́nu lẹ́nu jáde nínú ihò tó bá yàn. Nípa ihò náà, àwọn ará òkèèrè ń ra èyí tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́. Àpáàdì ìkòkò amọ̀ tó fọ́ lẹ́yìnkùlé dára jù ú lọ. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kéré débi pé abo yóò wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, akọ yóò sì fún ara rẹ̀ kí ó tó wọlé. Sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4 tó. Ààbọ̀ èèpo àgbọn tí a sè kí ó má ba omi jẹ́ náà dára. Méjì tàbí mẹ́ta ni kí ẹ gbé sí i, kí abo lè ṣà á yàn. Kí ẹ fi igi tó ti pẹ́ nínú omi sí i, kí ẹ so ewéko Anubias mọ́ ọn lára, ewéko tó ń hù létí odò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bí ẹja náà gan-an, tí kì í béèrè ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, tí líle ewé rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ẹja rí i fà ya.

Ohun kan tí kò ná wa ní kọ́bọ̀ ni ewé furúùtù, igi tí ó ń ṣíji bo ọgbà ilé ìwé káàkiri. Èyí tó ti gbẹ, tó pọ́n, tó já fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ṣà, kì í ṣe tútù, kí ó má sì jẹ́ etí títì tí èéfín ọkọ̀ ti ń bà á. Ẹ ṣan án, kí ẹ fi ewé kan sí lítà 20 sí 25. Omi náà á pọ́n bíi tíì tí kò dúdú jù, ara ẹja á sì balẹ̀, torí irú omi bẹ́ẹ̀ ló wà nínú odò abẹ́ igbó tó ti wá.

Omi kì í ṣe omi lásán

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pa ẹja. Wọ́n á ra àpótí ní òwúrọ̀, wọ́n á bu omi sí i ní ọ̀sán, wọ́n á ju ẹja mẹ́wàá sí i ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ó bá di ọjọ́ karùn-ún, wọ́n á máa bá ẹja lójú omi ní ìdojúsókè, wọ́n á sì ní ẹni tó tà á fún wọn ta ẹja aláìsàn. Omi náà gan-an ni kò tí ì gbó.

Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹja, pẹ̀lú oúnjẹ tí kò jẹ tán, ń di amóníà nínú omi, amóníà sì ń jó ibi tí ẹja fi ń mí. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń jẹ amóníà, tí wọ́n ń sọ ọ́ di nitrite, tí òun náà lóró. Àwọn mìíràn ń jẹ nitrite, wọ́n ń sọ ọ́ di nitrate, èyí tí ẹja lè fara dà bí a bá ń pààrọ̀ omi déédéé. Fóòmù inú asẹ́ ni ilé wọn. Asẹ́ tí mo ń wí ni fóòmù tí ẹ̀rọ atẹ́gùn kékeré ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀, tó ń fa omi kọjá lára fóòmù náà wọ́ọ́rọ́wọ́. Òun ló yẹ ẹni tó fẹ́ kí ẹja bímọ, nítorí ẹ̀rọ asẹ́ alágbára yóò fa ọmọ ẹja wọlé.

Àwọn kòkòrò náà kì í pọ̀ lójijì. Ẹ bu omi sí àpótí, ẹ tan ẹ̀rọ atẹ́gùn, kí ẹ máa fi ìka méjì fọ́n oúnjẹ ẹja díẹ̀ sí i ní ọjọ́ méjì méjì láìsí ẹja kankan nínú rẹ̀, kí ẹ sì ṣe sùúrù fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ẹni tó bá rí fóòmù tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú àpótí ẹja tó ní ìlera lè fún omi ẹlẹ́rẹ̀ inú rẹ̀ sínú tirẹ̀, èyí yóò sì gé ọjọ́ náà kúrú. Ọjọ́ tí ẹ bá fi ohun èlò àyẹ̀wò wọn omi náà, tí amóníà àti nitrite jẹ́ òdo, tí nitrate sì ti hàn, ọjọ́ náà ni àpótí yín ṣetán. Bí fóòmù bá dọ̀tí lẹ́yìn náà, inú omi tí ẹ fà jáde láti inú àpótí ni kí ẹ ti fún un, ẹ má gbé e sábẹ́ omi ẹ̀rọ, nítorí oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ kò mọ kòkòrò rere yàtọ̀ sí búburú.

Omi ẹ̀rọ ìjọba ní láti wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì aláìdérí fún ọjọ́ kan ó kéré tán, kí kílórínì lè fò lọ. Ti bóòhóòlù ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Èkó àti agbègbè rẹ̀, ó máa ń kan, pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí omi ṣe kan tó (bí ó bá ṣe kéré sí 7 tó ni omi ṣe kan tó), lè má tó 6, afẹ́fẹ́ inú ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ sì ń mú kí ìwọ̀n àkọ́kọ́ tan ni jẹ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú, kí ẹ̀rọ atẹ́gùn máa fẹ́ sí i, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bí ó bá pọ́n ní òwúrọ̀, irin ló wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ silẹ̀, kí ẹ rọra bu èyí tó mọ́ lórí. Kribensis fẹ́ràn omi tó kan díẹ̀, láàrin pH 6 sí 7, ṣùgbọ́n bí ó bá lọ sílẹ̀ ju 6 lọ, iṣẹ́ àwọn kòkòrò rere yẹn á falẹ̀, àpótí kò sì ní tètè gbó. Ẹ̀kúnwọ́ karawun ìgbín tí a fọ̀, tí a rún wẹ́wẹ́, tí a dì sínú àpò àwọ̀n, tí a sì gbé sí ẹ̀bá asẹ́, yóò gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ láàrin ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má lo oògùn tí yóò yí i padà ní ìṣẹ́jú kan. Ẹja lè bá omi tí kò dára tó gbé, àmọ́ kò lè bá omi tó ń yí padà lójoojúmọ́ gbé.

Lẹ́yìn èyí, ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà ni kí ẹ máa pààrọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Iná tó lọ tún ńkọ́? Bí àpótí kò bá kún fún ẹja àkúnjù, takọtabo kan kò ní kú nítorí wákàtí mélòó kan. Àwọn kòkòrò inú fóòmù ló kọ́kọ́ ń jìyà, nítorí afẹ́fẹ́ kò kọjá lára wọn mọ́. Ẹ̀rọ atẹ́gùn alábátìrì kò wọ́n, ẹ ní ọ̀kan nílé. Bí iná bá lọ fún odindi ọjọ́, tí bátìrì sì ti kú, ẹ máa fi kọ́ọ̀bù bu omi inú àpótí, kí ẹ máa dà á padà láti òkè ní wákàtí wákàtí, ẹ má fún wọn lóúnjẹ, kí ẹ sì fún fóòmù náà kí ẹ tó tan ẹ̀rọ padà, kí ìdọ̀tí tó ti rà nínú rẹ̀ má bàa tú sínú omi. Ọ̀tá mìíràn tí ènìyàn kì í fura sí ni oògùn ẹ̀fọn tí a ń fín sínú yàrá. Ẹ̀rọ atẹ́gùn á fà á, á sì fẹ́ ẹ tààrà sínú omi.

Yíyan ẹja

Ẹ má ra akọ kan àti abo kan kí ẹ sì rò pé ìgbéyàwó ti ṣe. Ọmọ mẹ́fà ni kí ẹ rà, tí wọ́n gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n dàgbà pọ̀, kí wọ́n sì fúnra wọn yan ara wọn. Bí wọ́n bá ti ń dàgbà, ẹ ó mọ akọ nípa gígùn rẹ̀ àti ṣónṣó tó wà ní ìparí lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Abo kúrú, ó kì, etí lẹbẹ rẹ̀ rí róbótó, ikùn rẹ̀ sì ń pọ́n. Ẹja tuntun, ìbáà ṣe ti ọjà tàbí ti odò, ẹ kọ́kọ́ fi í sí àpótí mìíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Bí àwọn àmì funfun bí iyọ̀ bá yọ sí i lára ní àkókò yìí, iyọ̀ gíráàmù 2 sí lítà omi kan, pẹ̀lú ooru tó tó 30 àti afẹ́fẹ́ púpọ̀, fún bí ọjọ́ 10 sí 14, máa ń wo ó, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ran àwọn tó wà nínú àpótí ńlá.

Ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé ẹja méjì ti gba igun kan, tí wọ́n ń lé àwọn yòókù kúrò ní ẹ̀bá àpáàdì kan, takọtabo ti dé nìyẹn. Ẹ kó àwọn mẹ́rin yòókù kúrò ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí nínú àpótí lítà 54, ẹni tí wọ́n ń lé kò ní ibi tí yóò sá sí.

Kí wọ́n tó yé ẹyin

Oúnjẹ gbígbẹ oníhóró ń mú wọn wà láàyè, ṣùgbọ́n ohun abẹ̀mí ló ń mú wọn ronú àtibímọ. Tanwíjí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ bu omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ju ewé gbígbẹ díẹ̀ sí i, ẹ gbé e sábẹ́ igi, láàrin ọ̀sẹ̀ kan tanwíjí á ti máa jó nínú rẹ̀. Ẹ fi àwọ̀n kó wọn, ẹ ṣan wọ́n, kí ẹ má kó ju èyí tí ẹja yóò jẹ tán ní ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kí ẹ sì da bọ́kẹ́ẹ̀tì náà nù ní ọjọ́ méje méje, kí ẹ má bàa máa sin ẹ̀fọn fún àdúgbò. Ekòló tí a gé wẹ́wẹ́ náà dára lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì irú oúnjẹ báyìí, ẹ wo abo. Ikùn rẹ̀ á pọ́n bí omi ìsápá, àwọ̀ náà á mọ́ débi pé ẹ ó rí i láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Òun ló ń tage níhìn-ín: á ká ara rẹ̀ bí ọrun, á ti ikùn rẹ̀ síwájú akọ, á máa gbọ̀n rìrìrì, lẹ́yìn náà á sáré wọ àpáàdì, á yọjú wò ó bóyá ó ń bọ̀. Òkìtì yanrìn kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í ga lẹ́nu ọ̀nà ihò. Bí ẹ bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ fi omi tó tutù díẹ̀ ju ti inú àpótí lọ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin, bí ẹni pé òjò rọ̀ sódò.

Lọ́jọ́ kan, abo kò ní jáde mọ́. Akọ nìkan ni ẹ ó máa rí, á máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bí ọlọ́dẹ. Ẹyin ti wà nílẹ̀ nìyẹn, tàbí kí n sọ pé ẹyin ti wà lájà, torí òrùlé ihò ni ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó lè tó 50, ó lè tó 200.

Ẹ má wò ó. Nígbà àkọ́kọ́ tí tèmi yé, ayọ̀ kò jẹ́ kí n lè sùn; mo dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sẹ́nu àpáàdì, mo sì rí wọn, pupa rẹ́súrẹ́sú, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, ìyá wọn dojú sókè ó ń fi lẹbẹ fẹ́ wọn. Mo pe àwọn ará ilé wá wò ó. A tan iná náà ní ìgbà mẹ́rin ní alẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, abo náà ti jáde, ikùn rẹ̀ yó, àpáàdì sì mọ́ bí èyí tí a fọ̀. Ìyá tí kò bá rí ààbò yóò jẹ ẹyin rẹ̀. Àmọ́ ṣá o, àwọn tọkọtaya tí wọn kò bímọ rí máa ń jẹ ẹyin àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan dá wọn lágara, nítorí náà ẹ fún wọn ní ìyé mẹ́ta kí ẹ tó sọ pé wọn kò mọ ọmọ tọ́.

Ọmọ dé

Bí omi bá wà ní ìwọ̀n 27, ẹyin á là ní bí ọjọ́ kẹta. Àwọn ọmọ kò tí ì lè lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n á kó jọ sí kòtò inú yanrìn, wọ́n á máa jẹ ẹyin tó kù lábẹ́ ikùn wọn. Ní bí ọjọ́ keje tàbí kẹjọ, ẹ ó ṣàdédé rí ìyá tó ń jáde wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú àwọsánmà àmì kéékèèké níwájú rẹ̀. Ẹ jókòó wò ó báyìí, ó ti tó àkókò. Bí ewu bá dé, á gbọn lẹbẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, gbogbo ọmọ á sì rì sílẹ̀ pọ̀, wọ́n á dúró jẹ́ẹ́, àwọ̀ wọn kò sì ní yàtọ̀ sí ti yanrìn. Nírọ̀lẹ́, àwọn òbí á máa fi ẹnu ṣà wọ́n, á sì pọ̀ wọ́n padà sínú ihò.

Oúnjẹ ọmọ yìí ni iṣẹ́ tó kù fún wa, artemia, ẹ̀dá tín-ń-tín inú omi oníyọ̀ tó jọ edé, tí a ń pa láti inú ẹyin gbígbẹ, ni kò sì lẹ́gbẹ́. Ẹ kò ní wá a jìnnà: àwọn tó ń pa ọmọ ẹja àrọ̀ ń lò ó lójoojúmọ́, inú agolo ni wọ́n sì ń tà á ní àwọn ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ẹja. Ẹ gé ìdí ìgò rọ́bà kan, ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀, ẹ bu omi lítà kan sí i, ẹ fi iyọ̀ gíráàmù 25 sí 30 sí i, èyí tó jẹ́ bíi ṣíbí ìjẹun kan ààbọ̀, ẹ da ààbọ̀ ṣíbí kékeré ẹyin artemia sí i, kí ẹ ti rọ́bà ẹ̀rọ atẹ́gùn bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀ kí ó máa hó kùkù. Lẹ́yìn bíi wákàtí 24 nínú ooru àti ìmọ́lẹ̀, omi náà á pọ́n bí ọsàn. Ẹ pa atẹ́gùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: èèpo á léfòó, àwọn tó là á sì rì lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Àwọn wọ̀nyí ni ẹ ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fà sórí aṣọ kíkúnná, tí ẹ ó fi omi lásán ṣan iyọ̀ ara wọn kúrò, tí ẹ ó sì fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ ta sí ẹ̀gbẹ́ agbo ọmọ náà. Ikùn tó pọ́n bí ọsàn lára àwọn ọmọ náà ni ẹ ó fi mọ̀ pé wọ́n ti yó. Ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Ẹyin adìyẹ sísè tí àwọn kan ń rún sí omi kò wù mí rárá. Ó ń ba omi jẹ́ kí ọmọ ẹja tó jẹ ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀.

Oúnjẹ púpọ̀ ń béèrè omi tuntun púpọ̀. Ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá ní ọjọ́ méjì méjì pẹ̀lú omi tí ooru rẹ̀ bá ti inú àpótí dọ́gba, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ti ẹ̀rọ atẹ́gùn sì ni kí ẹ fi fà á. Ẹ wo inú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà dáadáa kí ẹ tó dà á nù, nítorí ọmọ mẹ́ta mẹ́rin kì í wọ́n níbẹ̀.

Ìwọ̀n pH tún ní iṣẹ́ kan tí ó ṣe níhìn-ín tí mi ò tí ì mẹ́nu bà. Bí omi tí àwọn ọmọ náà ń gbé ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìgbésí ayé wọn bá kan, akọ ló máa ń pọ̀ jù nínú wọn. Bí ó bá sún mọ́ 7, abo á pọ̀ sí i. Èyí ni ìdí tí ẹni tó ń lo omi bóòhóòlù tó kan gan-an fi lè tọ́ ọgọ́rin ọmọ dàgbà kí ó má sì rí ju abo mélòó kan lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n dọ́gba, láàrin 6.5 sí 7 ni kí ó gbé omi sí láti ọjọ́ tí ẹyin ti là.

Ní bí ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà, àwọn òbí á bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń pọ́n lé tẹ́lẹ̀, abo á sì tún máa pọ́n níkùn. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí àpótí mìíràn tí asẹ́ rẹ̀ ti gbó. Bí ẹ bá fẹ́ fi wọ́n ta ọrẹ tàbí tà wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n pé oṣù mẹ́ta, ẹ má fún wọn lóúnjẹ ní ọjọ́ tí wọn yóò rìn, kí ẹ sì bu omi sí ìdá kan ọ̀rá náà, kí afẹ́fẹ́ gba ìdá méjì. Èyí tí kò bá rẹ́ni gbà á, ẹ má dà á sínú odò tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ní ti àwọn òbí, wọ́n lè máa yé bẹ́ẹ̀ ní oṣoṣù bí oúnjẹ bá ń dán mọ́ràn. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀yìn abo ti ń rù, tí ikùn rẹ̀ kò sì kún mọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ gbé gbogbo àpáàdì kúrò nínú àpótí, ẹ dín tanwíjí kù, kí ẹ jẹ́ kí ó sinmi fún oṣù méjì kí ẹ tó dá wọn padà.